Ilà Tó Wà Lára Ikọ́ Bàbá Àgbà

Bàbá Àgbà kì í dáhùn ìkíni àlejò kí wọ́n tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá wọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, yálà ó dọ̀bálẹ̀ tàbí ó kúnlẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ojú wọn tí kò ríran dáadáa mọ́ wá ilà kiri lójú onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ìsẹ́yìn," tàbí, "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà ní Ìwó?" Bí ojú bá dán, tí kò sí ilà kankan níbẹ̀, bí ojú àwa ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á mí kanlẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìwọ náà, wá jókòó. Ọlọ́run nìkan ló mọ ilé yín."

Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mọ́. Èmi gan-an, ọmọ ọmọ wọn, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí, mo máa ń ṣèèṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn bí mo bá wá sílé. N ó kàn dúró síbẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n dá òun mọ̀.

Olóólà ni wọ́n, olóólà sì ni bàbá tó bí wọn. Ní ìgbà èwe wọn, wọ́n ń kọlà sójú ọmọ tuntun, wọ́n sì ń dádọ̀dọ́ fún ọmọkùnrin. Nígbà tí èmi fi gbọ́njú, kò sí ẹni tó ń gbé ọmọ wá fún ilà ojú mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti gba ìdádọ̀dọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ni Bàbá Àgbà ń yọ abẹ wọn nínú àkọ̀ awọ pupa, wọ́n á pọ́n ọn, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á tún kì í bọ inú àkọ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ta ni wọ́n ń pọ́n abẹ dè. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ni mo ń pọ́n ọn fún. Kó má baà gbàgbé."

Ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ mi ní kéwú. Bí mo bá ń kánjú, tí ìkọ̀wé mi rí wúruwùru lórí wàláà, wọn kì í nà mí. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á nù ún mọ́, wọ́n á ní kí n tún un kọ. Gbogbo ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nínú ẹ̀sìn, tí mo fi ń jẹun lónìí, ẹsẹ̀ wọn ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé-kéwú máa ń jáde ṣáájú mi, n ó máa sunkún pé wọ́n ti lọ ṣeré. Bàbá Àgbà á ní, "Sunkún, ṣùgbọ́n máa kọ ọ́ lọ. Ọwọ́ tó ń kánjú kò gbọdọ̀ kan ara ọmọ ọlọ́mọ."

N kò ní torí pé wọ́n ti kú kí n wá sọ pé wọn kì í jà. Wọ́n ń jà dáadáa. Ẹni tí wọ́n ń bá jà jù ni nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò wa, obìnrin sísanra kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Obìnrin yìí ti sọ fún àwọn abiyamọ pé kí wọ́n má gbé ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ olóólà mọ́. Ọjọ́ tí Bàbá Àgbà gbọ́, wọ́n lọ bá a níbi tó ti ń ra ata ní Ọjà Akẹ̀sán.

"Ìwọ lo ní abẹ mi ń kó àrùn ran ọmọ?"

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. N kò dárúkọ yín. Mo ní nǹkan tí ojú ò rí máa ń wà lára irin."

"Ìwọ rí i?"

"N kò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"A jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ni. Èmi náà ní tèmi."

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín!"

Ẹ̀rín kọ́ ló wà lójú Bàbá Àgbà. Wọ́n gbá ẹ̀yìn agbádá wọn mú, wọ́n yí padà, wọ́n sì sọ ọ́ kí gbogbo ọlọ́jà lè gbọ́: "Ohun tí ojú olóólà ò bá rí, kò sí níbẹ̀!"

Ohun kan wà tí kò yé mi fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Àgbà, tó kọlà fún ìdajì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò kọlà fún ọmọ tirẹ̀ kankan. Ojú bàbá mi dán bí àwo. Mo béèrè nígbà tí mo ń kán oògùn sí wọn lójú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nítorí pé ẹni tí à ń kán oògùn sójú kò lè dìde lọ.

Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀dọ́ ni àwọn nígbà tí àwọn bá ẹ̀gbọ́n àwọn, Bùráímọ̀, lọ sí Kùmásí ní Gáná. Bùráímọ̀ ń ta àwo àti gíláàsì, Bàbá Àgbà sì ń kọlà fún ọmọ àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Yàrá kan, ẹní kan, abọ́ kan. Ibẹ̀ ni Bùráímọ̀ kú sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sí ìlú wọn. Àwọn tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn látàárọ̀ ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Wọn kò bi mí ní orúkọ," ni Bàbá Àgbà wí, oògùn ń ṣàn lójú wọn. "Wọn kò bi mí ní ohun tí mo ṣe. Ojú mi ni wọ́n kà, wọ́n ní kí n gbé ẹrù mi. Àjọkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ohun tí mo fi ń jẹun ni wọ́n fi lé mi."

Ẹni tó sún mọ́ Bàbá Àgbà jù nínú ilé wa kì í ṣe ọmọ wọn. Màmá mi ni, Rísíkátù, ìyàwó ọmọ wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá mi, ọ̀rọ̀ ìlú yìí kò sì tán láàárín àwọn méjèèjì. Bí Màmá mi bá gbé oúnjẹ dé, Bàbá Àgbà á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ọkà tán kí ẹ tó mu ẹ̀kọ, kí lẹ gbé wá fún wa lónìí?"

Màmá mi á wà lórí ìkúnlẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹni tó bá yó ló ń yan ohun tó fẹ́ mu. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ń kọ́? Ẹ ó bú èèyàn tán, yóò tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Mo bú ọ ni?"

"N kò tíì mọ̀, Bàbá. Bí mo bá dé ilé ìdáná, ó lè yé mi."

Nígbà tí ojú Bàbá Àgbà kò lè ka ìwé mọ́, Màmá mi ló ń ka Àlùkùránì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Yàrá wọn dúdú, ògiri amọ̀ ni, ihò kékeré kan péré ló wà lókè. Etí wọn náà ti ń wúwo, nítorí náà Màmá mi máa ń jókòó tì wọ́n pẹ́kípẹ́kí, orí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí ìwé náà. Bàbá Àgbà ń wúkọ́ nígbà náà. A ní áásà tí wọ́n ń fín ni, a ní ọyẹ́ ni, a ní ikọ́ àgbà ni. Bí ikọ́ náà bá dé, Màmá mi á gbé agolo itọ́ sí wọn lẹ́nu, á dúró títí yóò fi lọ, á sì máa kàwé lọ láti ibi tó dé dúró. Lójú Àǹtí Mònsúrá, ọmọ tí Bàbá Àgbà bí, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Mo bí ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n Rísí ló mọ̀ mí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá yí nìyí. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó rù, aṣọ kò dúró lọ́rùn rẹ̀ mọ́, ó ń làágùn bó bá sùn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ wà nínú áńkáṣíìfù rẹ̀, Àǹtí Mònsúrá sì rí i. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí.

Àǹtí Mònsúrá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àbúrò ìyá rẹ̀ ni ikọ́ pa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́sí. Gbogbo wa la gbọ́. Ilé wọn ló wà."

"Ikọ́ wo ló pa á? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Bàbá mi ló béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le. Tẹ́lọ̀ ni bàbá mi, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kò gbé ojú sókè lójú bàbá rẹ̀ rí. Ó tún wolẹ̀.

Gbogbo ènìyàn kọjú sí Bàbá Àgbà. Wọ́n wo ojú Màmá mi fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n ti máa ń wo ojú àlejò. Bí mo ṣe fẹ́ràn wọn tó, n kò lè bo ohun tí wọ́n sọ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí nǹkan bá ti wá ni à ń dá a padà sí. Kí Rísí lọ gba ìtọ́jú nílé wọn."

Màmá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Àwọn ará àdúgbò ti ń fi aṣọ bo imú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò fún oṣù mélòó kan. Wọ́n yẹ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ìyá rẹ̀ wò pẹ̀lú, kò sí ẹni tí ó ṣe nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni Màmá mi pè mí lórí fóònù. Mo rò pé yóò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, "Mariamo, ṣé Bàbá ṣì ń wúkọ́?"

"Wọ́n ń wúkọ́, Mà."

"Wọ́n ti ń wúkọ́ kó tó mú mi. Dókítà ní kí gbogbo ẹni tó bá mi gbé wá fún àyẹ̀wò. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ o."

Mo bẹ Bàbá Àgbà, wọ́n kọ̀. Mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé èmi náà ti di ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni?" Nígbà tó sú mi, mo sọ òótọ́. Mo ní, "Màmá mi ló rán mi. Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé kí ikọ́ má pa yín."

Bàbá Àgbà nawọ́ mú ọ̀pá wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Lọ mú fìlà mi wá."

Ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni mo mú wọn lọ. Ikọ́ ife wà lára Bàbá Àgbà. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lò ó níṣojú òṣìṣẹ́ ìlera ní àdúgbò wa láràárọ̀. Ta ni òṣìṣẹ́ náà? Ìyá Nọ́ọ̀sì ni. Èmi ni mo ń mú wọn lọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, obìnrin náà da oògùn sí wọn lọ́wọ́, ó gbé omi fún wọn, ó káwọ́ gbera. Wọ́n gbé e mì. Ó ní, "Bàbá, ẹ la ẹnu kí n wò ó." Wọ́n lanu bí ọmọ ẹyẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìtọ̀ wọn pupa bí omi osùn, wọ́n pariwo, wọ́n ní obìnrin náà ti gbẹ̀san. Ìyá Nọ́ọ̀sì wá sílé fúnra rẹ̀ láti sọ fún wọn pé oògùn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò léwu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àkàrà gbígbóná dání fún wọn láràárọ̀, nítorí pé oògùn náà ń mú kí èébì máa gbé wọn. Nígbà tó yá, bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, Bàbá Àgbà á máa wo ọ̀nà. "Ọ̀tá mi dà?" ni wọ́n máa ń wí.

Ara Bàbá Àgbà àti ti Màmá mi yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò yá. Ní agboolé wa, ohun tí Àǹtí Mònsúrá ń sọ kiri báyìí ni pé Rísí ló kó ikọ́ ran Bàbá, pé díẹ̀ ló kù kó pa wọ́n. Àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀. Màmá mi lo oògùn rẹ̀ tán, dókítà ní kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, síbẹ̀ kò padà. Bàbá mi ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà ló ń gbé bọ̀: "N kò lè gbé inú ilé tí wọ́n ti ń pè mí ní ẹni tó fẹ́ pa Bàbá."

Nígbà tí à ń sọ ìrètí nù ni dókítà Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pè wá. Obìnrin ni, kò dàgbà ju Màmá mi lọ. Nígbà tí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá Àgbà àti ti Màmá mi fún àyẹ̀wò, ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń wádìí ìran tí kòkòrò àrùn ti wá. Èsì ti dé. Èmi àti Bàbá Àgbà la jọ jókòó níwájú rẹ̀.

Ó ní kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ìdílé ìdílé ni wọ́n, bí wọ́n bá sì ti ń pín ara wọn, ọmọ ń jogún ohun tó wà lára ìyá. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìyípadà kékeré máa ń wọ inú ogún náà, ìyípadà yẹn sì ni àwọn ń kà.

Bàbá Àgbà tẹ̀ síwájú. "Dókítà, ṣé ilà wà lára rẹ̀ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ilà ni."

"A jẹ́ pé ẹ mọ ìlú tó ti wá."

"A kò lè búra. Ṣùgbọ́n irú tó wà lára yín yìí, nínú àwọn tí a ti kà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Gáná ni a ti rí i jù. Ó ṣọ̀wọ́n níbí. Ṣé ẹ ti gbé Gáná rí?"

Bàbá Àgbà fọwọ́ kan ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Dókítà ní, "Ó lè wọ èèyàn lára nígbà èwe, kó sùn síbẹ̀ títí tí yóò fi di arúgbó. Bí ara bá wá rẹ̀, yóò jí, yóò sì máa ran ẹni tó bá wà nítòsí, pàápàá nínú yàrá tí atẹ́gùn kì í wọ̀."

"Ti Rísí ń kọ́?"

"Irú kan náà ni. Ilà yín ló wà lára tirẹ̀, ọ̀kan kékeré ló fi lé e, tí kò sí lára tiyín. Kò gbé Gáná rí, kò sì sí ẹni tí ó ṣe nílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́kọ́ wúkọ́. Bàbá, bí a ṣe rí i, ọ̀dọ̀ yín ló ti kó o."

Bàbá Àgbà tẹ́ ọwọ́ wọn méjèèjì sórí tábìlì dókítà. Wọ́n sọ fún dókítà pé ẹ̀gbọ́n àwọn kan wà tó ń jẹ́ Bùráímọ̀, pé ikọ́ ló pa á ní Kùmásí, pé orí ẹní kan náà ni àwọn jọ ń sùn, pé àyà àwọn ló kú lé. Omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n wọn. "Àpótí kan ṣoṣo ni mo rò pé mo gbé bọ̀ láti Gáná," ni wọ́n wí. "N kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan rán mi."

Ilé ìyá Màmá mi kò jìnnà sí ilé ìwòsàn náà. Mo ní kí a yà síbẹ̀. Bàbá Àgbà mi orí. "Rárá. Ọ̀yọ́ ni mo ti bà á jẹ́. Ọ̀yọ́ ni n ó ti kọ́kọ́ tún un ṣe."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Àgbà tọrọ àyè lọ́wọ́ Lèmọ́mù, wọ́n dìde dúró. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, n kò rí wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀pá wọn lórí ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ará mi, èmi Lámídì olóólà ni. Ẹ gbọ́ pé ikọ́ ife ṣe mí. Òótọ́ ni, Ọlọ́run sì ti wò mí sàn. Ẹ gbọ́ pé ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé e wọ ilé wa. Irọ́ ni. Ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde. Àyà mi ni ikọ́ náà ti jáde. Ibi tí ọmọ náà jókòó tì mí sí, tó ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí mi létí, ibẹ̀ ni mo ti kó o ràn án. Wọ́n lé mi ní Gáná nítorí ojú mi. Mo sá délé, mo di àgbà, èmi náà lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìlú rẹ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àǹtí Mònsúrá ti fi ìborùn bo ojú.

Lèmọ́mù ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Ó ti tó. Ọlọ́run á forí jì wá."

"Kò tíì tó," ni Bàbá Àgbà wí. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo pè é. Rísíkátù lorúkọ rẹ̀."

Mo ti sọ pé wọ́n kú. Ikọ́ náà kọ́ ló pa wọ́n. Ogbó ló mú wọn lọ lẹ́yìn ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn, Màmá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ó ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí n tó dákẹ́.

Ọjọ́ kejì Jímọ̀ yẹn, bàbá mi háyà ọkọ̀, àwa mẹ́ta la lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, ojú ọ̀run funfun fún eruku. Láàárín wa, bàbá ọkọ kì í lọ bẹ ìyàwó ilé; ó máa ń rán èèyàn ni. Bàbá Àgbà kò rán ẹnikẹ́ni. Bí a ti wọlé, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá wá ilẹ̀ láti kúnlẹ̀. Ìyá tó bí Màmá mi sáré dì wọ́n mú.

"Àna mi! Èèwọ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi!"

"Ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ kí. Rísí dà?"

Màmá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Ó ti sanra díẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀, Bàbá Àgbà sì ti wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ara wọn.

"Rísí, ọ̀dọ̀ mi lo ti kó o. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí. Dárí jì mí. N kò wá fi agbára mú ọ padà."

Màmá mi wo ọrùn Bàbá Àgbà, ó wo apá wọn.

"Ta ló ń se oúnjẹ yín?"

"Mònsúrá ni."

"Ó hàn lára yín."

Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Yàrá dúdú yẹn lẹ ṣì ń sùn?"

"Mo ti ní kí bíríkìlà fọ́ ògiri. Fèrèsé ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ewúrẹ́ ń yọjú kí mi láràárọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá mi kó tó lè dá a dúró, omijé sì tẹ̀lé e. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti rán Mariamo sí yín ni mo ti dárí jì yín. Orúkọ mi ni mo ń dúró dè." Ó dìde, ó ran Bàbá Àgbà lọ́wọ́ dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó ń kó aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà, Bàbá Àgbà jókòó níwájú, Màmá mi wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti ní kí a ṣí gbogbo gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀. Eruku ń rọ́ wọlé, gbogbo wa funfun bí ẹni tó bọ́ sínú ẹ̀lùbọ́. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yí gíláàsì sókè. Eruku yìí pọ̀."

Bàbá Àgbà kò yí ojú padà. "Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Aṣọ wa ni yóò bà jẹ́. Aṣọ ṣeé fọ̀."

Olúwa mi, bí Bàbá Àgbà ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọ́n lé, ṣílẹ̀kùn fún wọn. Fẹ sàréè wọn lójú, sì jẹ́ kí atẹ́gùn Àljánnà máa fẹ́ wọ ibẹ̀, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí àwa náà yóò fi dé.